Òkè Ìdànrè: Gbogbo Ayé Ń Ka Àtẹ̀gùn, Ta Ló Ń Ka Ìsọ̀kalẹ̀?

Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ wọ Ìdànrè fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í lè pa ẹnu dé. Bí mọ́tò bá ti ń sún mọ́ ìlú, òkúta ni ojú máa kọ́kọ́ rí: òkúta ńláńlá tó dúró gbagidi, tí orí rẹ̀ ń wọ inú kùrukùru lárààárọ̀. Ìlú wà nísàlẹ̀, òkè yí i ká bí ìgbà tí ìyá gbá ọmọ mọ́ra. Abájọ tí àwọn kan fi máa ń sọ pé inú ìyanu ni orúkọ ìlú náà ti jáde, pé àwọn tó kọ́kọ́ fojú kan òkè náà ló pariwo pé, "Idán rè é o!"

Ibi tó rẹwà tó báyìí, ta ni kò ní fẹ́ dé ibẹ̀? Bí ọdún Àjíǹde bá dé, bí Iléyá bá dé, bí Kérésìmesì bá dé, àwọn ẹbí àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ á dáwó jọ, wọ́n á háyà mọ́tò, ó di Ìdànrè. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ, iṣẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n dá a fún.

Àmọ́ bí àwọn mìíràn ṣe ń lọ ni ẹjọ́ wà. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wẹ̀. Wọ́n á se ìrẹsì títí aago mọ́kànlá á fi lù. Ìgbà tí oòrùn bá wà ní àárín orí gan-an ni wọ́n á dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹni kan wọ sílípáàsì, ẹni kan wọ bàtà gogoro, ẹni kan pọn ọmọ, ẹnì kẹrin ru páálí mínírà sórí. Èèyàn mẹ́wàá, igo omi méjì! Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtẹ̀gùn pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀rín: ení, èjì, ẹ̀ta... Gbogbo ẹnu ló ń ka ìgòkè. Ta ló ń ka ìsọ̀kalẹ̀? Kò sẹ́nì kankan.

Ẹ bi ẹlẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ wò. Ó máa sọ fún yín pé ẹmu tó wà lórí igi kò tíì di ẹmu, àfi tí kèrègbè bá délẹ̀ láìfọ́, tí ẹni tó gbé e náà sì délẹ̀ láìfọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ Òkè Ìdànrè rí. Ìrìn àjò ọjọ́ kan ni, àmọ́ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti ń rìn ín.

KÌ Í ṢE ÒKÚTA LÁSÁN, ILÉ ÈÈYÀN NI

Kí ẹsẹ̀ tó gbéra, ó yẹ kí ọkàn mọ ibi tó ń lọ. Òkè tí ẹ fẹ́ gùn yìí, ìlú ni. Lórí rẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tí ọba wọn, Ọwá ti Ìdànrè, sì jókòó lórí ìtẹ́ níbẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá. Nínú ìtàn náà, òkúta tó ga yẹn ni odi wọn, ọ̀tá kò lè yọ́ wọlé sí wọn. Orí òkè yìí náà ni ẹ̀sìn Krístì ti bá wọn ní 1894.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, láàárín 1920 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ni àwọn èèyàn náà kó sọ̀kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ìlú wà lónìí. Ẹ ronú sí i ná. Àwọn tí wọ́n bí sórí òkè, tí ẹsẹ̀ wọn mọ gbogbo kọ́lọ́fín òkúta náà, tí wọ́n ń ru iṣu àti igi ìdáná gòkè lójoojúmọ́, àwọn gan-an ló rí i pé ìgòkè-gosọ̀ yìí kì í ṣe ìyà kékeré. Ṣé ẹni tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ilé alájà kan nìkan ló ń gùn láti ọdún dé ọdún ló máa wá fi ojú yẹpẹrẹ wò ó?

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè ṣì wà níbẹ̀: ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ibi agogo, àwọn ojúbọ àti ibi ìsìnkú. Ipasẹ̀ Agbóògùn náà wà níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lórí òkúta tí wọ́n máa ń sọ pé kò sí ẹsẹ̀ tó tóbi jù ú lọ tàbí tó kéré sí i. Omi Apáàrá náà kò gbẹ́yìn. Nítorí gbogbo èyí ni Nàìjíríà fi fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí UNESCO, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò fún ogún gbogbo àgbáyé, ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, 2007.

Gbogbo ohun àrímáleèlọ yìí, kò sí ọ̀kan tó wà ní ẹsẹ̀ òkè. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà láàárín. 682 ni iye tí ọ̀pọ̀ máa ń pè. Bí àtẹ̀gùn bá sì tán, ìrìn kò tíì tán o. Orí òkúta àti ojú ọ̀nà gbágungbàgun ló kù.

Ẹ BẸ̀RẸ̀ ÌṢIRÒ LÁTI ÌPARÍ

Ọgbọ́n tó ju gbogbo ọgbọ́n lọ nínú irú ìrìn yìí rèé: ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti àárọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ilẹ̀ wa kì í jáfara tó bá fẹ́ wọ̀. Láàárín aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ sí aago méje ìrọ̀lẹ́, bí oṣù bá ṣe rí, ó ti lọ nìyẹn. Lórí òkúta sì rèé, òkùnkùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá ṣeré.

Nítorí náà, ẹ pinnu pé ó pẹ́ tán, aago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo ẹsẹ̀ ti kúrò lórí àtẹ̀gùn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, aago kan ààbọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkè, nítorí ẹni tó rẹ̀ kì í yára sọ̀kalẹ̀. Wákàtí mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ni ẹ máa fi wo ààfin, ilé ẹjọ́, ipasẹ̀ àti òkè àti ilẹ̀, tí ẹ máa fi jẹun, tí ẹ máa fi ya fọ́tò. Èyí já sí pé aago mẹ́wàá ààbọ̀ ó yẹ kẹ́ ẹ ti wà lórí òkè. Bí ọmọdé àti àgbà bá wà nínú yín, ẹ fi wákàtí kan ààbọ̀ sílẹ̀ fún àtẹ̀gùn, kí àyè ìsinmi lè wà. Ó di aago mẹ́sàn-án nísàlẹ̀. Ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ tàbí mẹ́jọ ló tún gbọ́n jù, torí òkúta ò tíì gbóná, oòrùn ò sì tíì fojú kan orí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ibí ló ti kàn yín. Láti Èkó dé Àkúrẹ́, wákàtí márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lè bá a lọ, ìyẹn tí ọ̀nà bá dáa. Ẹni tó bá kúrò l'Ékòó ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó ní òun fẹ́ gun Òkè Ìdànrè lọ́jọ́ náà kóun sì padà lálẹ́, ara rẹ̀ ló ń tàn. Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè ni kẹ́ ẹ sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ sì tún sùn lẹ́yìn ìrìn tí agbára bá gbé e. Ìrìn òru lójú ọ̀nà wa kò ṣe é fi ṣeré, dírẹ́bà tó rìn lókè láti àárọ̀ kò sì gbọdọ̀ di ọwọ́ mọ́tò mú lóru.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òfin kan lélẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rú u: bí aago kan ààbọ̀ bá ti lù, ibikíbi tẹ́ ẹ bá dé, ẹ yí padà. Ẹnì kan á sọ pé, "Haba, a ti sún mọ́ ọn, ó ku díẹ̀!" Ẹ má dá a lóhùn. "Ó ku díẹ̀" yẹn ló ń mú òkùnkùn bá èèyàn lórí àpáta. Òkè kì í sá lọ, ẹ máa tún padà wá bá a.

ÒJÒ, ÀÀRÁ ÀTI OÒRÙN

Ìgbà wo ló dáa jù? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, nítorí òkúta máa ń gbẹ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run lóṣù Kejìlá àti Kìíní, kẹ́ ẹ má rí ìlú nísàlẹ̀ dáadáa. Láti oṣù Kẹta lọ, ooru tún máa ń mú gan-an, omi sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i.

Ìgbà òjò ni ewéko máa ń tutù yọ̀yọ̀, tí ojú sì máa ń gbádùn. Àmọ́ ìgbà náà ni òkúta máa ń yọ̀ bí ilá. Ibi tó dúdú, tí ewédò hù sí, tàbí tí omi ń sun jáde lára rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Òjò ilẹ̀ wa sì fẹ́ràn ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ju àárọ̀ lọ. Ìdí mìíràn rèé tí ìrìn àárọ̀ fi ṣe pàtàkì.

Ààrá ńkọ́? Ẹ gbọ́ o: bí etí bá ti lè gbọ́ ààrá, mànàmáná ti súnmọ́ tó láti pani. Ẹ má dúró lórí ṣóńṣó òkúta, ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ má sì kó ara yín jọ sójú kan. Ẹ sọ̀kalẹ̀ kúrò níbi tó ga. Tí ààrá bá dákẹ́, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti tán. Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ ni ojú ọ̀run ti ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹ jókòó sílé ẹni tẹ́ ẹ sùn sí, kẹ́ ẹ jẹ iyán. Iyán Ìdànrè kì í ṣe ìyà.

KÍ LÓ YẸ KÓ WÀ NÍNÚ ÀPÒ?

Omi ni àkọ́kọ́, omi ni ìkẹyìn. Àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ gbé ohun tó dín ní lítà méjì. Tí ooru bá mú, kó di mẹ́ta. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà mẹ́rin tàbí mẹ́fà nìyẹn, kò wọ́n jù. Mínírà kì í ṣe omi, bíà àti ẹmu ò sì yẹ kó gòkè rárá. Ẹni tó mutí kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

Oúnjẹ: ẹ fi ìkòkò ìrẹsì sílẹ̀ sínú mọ́tò, tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Ohun tó fúyẹ́ tó sì ń fún èèyàn lókun ni kẹ́ ẹ gbé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà sísun, mọ́ínmọ́ín, búrẹ́dì, ẹyin sísè, ọsàn. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́.

Bàtà: kànfáàsì tó di ẹsẹ̀ mú, tí abẹ́ rẹ̀ kò tíì jẹ, tí ẹ sì ti wọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bàtà tuntun máa ń ré èèyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àti ọ̀dọ́mọbìnrin, ẹ jọ̀ọ́, bàtà gogoro kò sí fún òkè, bẹ́ẹ̀ ni ìró tó ń wọ́ nílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi aṣọ ya fọ́tò, ẹ ká a sínú àpò.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni ẹ fẹ́ padà. Aṣọ òjò, fìlà, pálásítà àti báńdéèjì díẹ̀, oògùn tí oníkálùkù ń lò, ọ̀pá ìtilẹ̀ fún àgbà, ọ̀rá tí ẹ máa kó ìdọ̀tí sí. Fóònù náà ńkọ́? Ẹ gbà á sí bátìrì kíkún, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó gòkè, ẹ sọ fún ẹnì kan nísàlẹ̀ iye tẹ́ ẹ jẹ́ àti aago tẹ́ ẹ máa padà, kó lè mọ̀ tó bá kọjá.

Owó ìwọlé máa ń yí padà, torí náà ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sì gba ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà pé kó ṣáájú yín. Ẹ bá a dúnàá-dúrà kí ẹsẹ̀ tó gbéra, kì í ṣe lórí òkè. Owó yẹn kì í ṣe ìnáwó òfo: ó mọ ibi tó ń yọ̀, ó mọ ibi tí àlejò kò gbọdọ̀ dé, ẹnu rẹ̀ sì ni ìtàn wà.

TA LÓ Ń LỌ, TA NI KÓ DÚRÓ?

Ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí rèé. Bàbá àgbà ní òun fẹ́ rí ààfin kí òun tó kú. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò ní ikọ́ féé. Aya ọmọ lóyún. Kí ni ká ṣe?

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó lóyún. Onikọ́ féé gbọ́dọ̀ mú oògùn tó ń fà símú dání, kì í ṣe kó fi í sínú mọ́tò. Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, òùngbẹ àti àárẹ̀ lè dá ìrora sílẹ̀ fún un, nítorí náà òun náà kó gba àṣẹ dókítà kó tó dán an wò. Orúnkún tó ń dun èèyàn nílé, ìlọ́po ni yóò fi dùn ún nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè dé òkè kò pàdánù ohun gbogbo. Àwọn ibi ìsinmi wà lójú àtẹ̀gùn. Kí ẹnì kan bá Bàbá gùn dé ibi tí agbára wọn mọ, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa wo ìlú nísàlẹ̀. Ojú àánú kọ́, ìgbádùn ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fi ìtìjú fa àgbà lọ sókè, kẹ́ ẹ máa sọ pé, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́," ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́.

Ẹni tó bá lọ́ra jù nínú yín ni kó máa darí ìrìn. Ẹ má jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ sáré ṣáájú, kí wọ́n fi ìyá àgbà sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹnì kan tó lágbára ni kó kẹ́yìn, kó má sì sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iye tó gòkè ni kó sọ̀kalẹ̀: ẹ máa ka orí.

ÌSỌ̀KALẸ̀ NI IṢẸ́ GAN-AN

Nígbà ìgòkè, àyà ló ń ṣiṣẹ́: èémí á gbà yín, ẹ ó dúró, ẹ ó mí, á lọ sílẹ̀. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, orúnkún àti ojú ló ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ó ń gbọ̀n, ọkàn sì ti sọ pé ìrìn ti parí. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ máa ń yẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ di irin mú níbi tí irin bá wà, ẹ má ṣe ya fọ́tò nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìn. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, kó dúró. Kó má sì fi ẹ̀yìn rìn nítorí pé ó fẹ́ kí òkè wọ inú fọ́tò tán.

Ẹ má ki ọwọ́ bọ inú ihò òkúta, ẹ má jókòó sínú koríko láìwò ó. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má so okùn mọ́ ọn pinpin. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà, ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ náà rìn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ẹ MÁ FI ORÚKỌ YÍN SÍLẸ̀ LÓRÍ ÒKÚTA

Àwọn kan á gòkè tán, wọ́n á mú ọ̀dà tàbí òkúta mímú, wọ́n á kọ ọ́ sára àpáta: "Emi ati ololufe mi wa sibi." Ṣé ara ògiri ààfin ọba ìlú yín lẹ ti lè kọ irú ẹ̀? Ibi tí wọ́n sin òkú sí ló wà níbẹ̀. Ojúbọ wà níbẹ̀. Àwọn ọdún ìbílẹ̀ ṣì wà tí àwọn ará ìlú ń gòkè lọ ṣe, nítorí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́. Bí wọ́n bá ní ẹ má dé ibì kan, tàbí ẹ bọ́ bàtà, ẹ má jiyàn. Ẹlẹ́sìn yòówù kẹ́ ẹ jẹ́, àlejò lẹ jẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé Ìdànrè nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé. Ọdún 1963 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò rí i mọ́, títí wọ́n fi tún kàn án ní 2013, lẹ́yìn ohun tó lé ní ogójì ọdún. Orí àpáta tí omi ń ṣàn gba ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tẹ́ ẹ bá jù sílẹ̀, ọṣẹ tẹ́ ẹ bá fi fọ ẹsẹ̀ nínú omi náà, ilé ẹlẹ́ran ara kékeré yẹn lẹ ń bàjẹ́. Ohun tẹ́ ẹ bá gbé gòkè, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò le? Ẹ sùn sítòsí, ẹ tètè jí, ẹ gbé omi, ẹ wọ bàtà gidi, ẹ gba ẹni tó mọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó lọ́ra darí, kí aago kan ààbọ̀ sì jẹ́ ọba lórí gbogbo yín. Ẹni tó bá ṣe báyìí, ìtàn ayọ̀ ló máa sọ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti gun òkè náà rí, tẹ́ ẹ ní ìmọ̀ràn tó sàn jù báyìí, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ gbayawu fún yín.

Ẹsẹ̀ tó gbé yín gòkè náà ni yóò gbé yín sọ̀kalẹ̀, láìrọ́, láìfẹsẹ̀kọ. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire o!